Owó ẹ̀bùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wà lọ́wọ́ mi, àgọ́ àgùnbánirọ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Eléèlùbọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n òní ni èmi fúnra mi yóò kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní ẹ̀ka Statistics. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni a ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, màmá mi sì se oúnjẹ fún ẹbí, fún ará àdúgbò àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Bódìjà níbi tó ti ń ta èlùbọ́. N kò retí pé àwọn ènìyàn yóò ná irú owó tí wọ́n ná fún mi. Nígbà tí a jókòó kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí wọ́n kì sínú àpòòwé jẹ́ ₦228,500, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi sì jẹ́ ₦385,000, àpapọ̀ rẹ̀ wá di ₦613,500. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ kò wọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Láti ìgbà náà ni n kò ti sùn dáadáa. Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí pé iṣẹ́ tí mo kọ́ kò ṣeé ṣe lórí fóònù, èyí tí mo sì ń lò ní ilé-ìwé jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, ó sì ti gbé e lọ sí ilé wọn. Mo tún mọ aṣọ rán. Mo kọ́ ọ nígbà ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ní ọdún 2022, ọ̀gá tó kọ́ mi sì ní ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ oníná rẹ̀ ní ₦220,000. Àbúrò mi ọkùnrin ti rí ìwé ìgbaniwọlé gbà, ilé-ìwé rẹ̀ sì ti ń béèrè owó. Ojú fóònù mi ti fọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tún ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pé kí n fi ₦400,000 sínú ètò kan tí yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ogójì ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìpè sí àgọ́ àgùnbánirọ̀ lè dé nígbàkígbà kí oṣù méjì tó pé. Màmá mi kò tíì béèrè kọ́bọ̀ kan nínú owó náà, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Báwo ni ẹ̀yin ì bá ṣe ṣe é?

Ìyá Aláṣọ Òkè

Ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwé náà wúlò fún ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe kò kan ọjà rírà rárá. Lọ bá màmá rẹ, kí o ní kí ó jẹ́ kí o rí ìwé tó ń kọ orúkọ sí. Ó dá mi lójú pé ó ní in, nítorí n kò tíì rí obìnrin ọlọ́jà tó ń ṣe ìnáwó tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tèmi jẹ́ ìwé ẹlẹ́yìn búlúù kan tí etí rẹ̀ ti ká, tí mo fi rọ́bà de, tí mo sì ti ń lò láti ọdún 2011. Bí mo bá ṣí i nísinsìnyí, mo lè sọ fún ọ ẹni tó fún mi ní ₦2,000 nígbà tí àkọ́bí mi ṣe ìgbéyàwó, mo sì lè fi ojú ìwé tí mo kọ ọ́ sí hàn ọ́ pé mo fún un ní ₦5,000 nígbà tó ń sìnkú ìyá rẹ̀, nítorí pé ohun tí ₦2,000 ń rà nígbà náà, kò lè rà á mọ́, kò sì yẹ kí n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àpòòwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ màmá rẹ mú wá kì í ṣe ẹ̀bùn tìrẹ nìkan. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí màmá rẹ ti ná fún wọn tẹ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ wálé. Àwọn mìíràn jẹ́ ohun tí òun náà yóò san lọ́jọ́ tí ọmọ tiwọn bá jáde. Bí o bá ná gbogbo rẹ̀ tán lórí ara rẹ, ọrùn ẹni tó ń ta èlùbọ́ ni gbèsè rẹ̀ yóò wà. Tún béèrè iye tí ìnáwó náà jẹ ẹ́ àti ibi tó ti rí owó náà, kí o má ṣe béèrè rẹ̀ lójú àlejò o.

Ọ̀dọ́ Agége

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ọmọ tó ní kí òbí òun se ìrẹsì fún igba ènìyàn. Bí a bá ní kí ọmọ tó jáde ilé-ìwé máa san owó àsè tí òbí fi gba àlejò, a jẹ́ pé àsè náà kì í ṣe ti ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣe pè é ní ayẹyẹ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn ìbátan tó fi owó sí àkáǹtì rẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ti rí ẹni tó fi gbogbo owó ẹ̀bùn rẹ̀ wá àlàáfíà nínú ilé, tó wá lọ sí àgọ́ pẹ̀lú ₦6,000.

Ìyá Aláṣọ Òkè

Àpòòwé ni mo sọ, ọmọ mi. N kò dárúkọ àkáǹtì.

Àgùnbánirọ̀ Àná

Àbúrò mi, kú oríire. Àgọ́ ni mo fẹ́ kí o fi ṣáájú, nítorí òun nìkan ló ní ọjọ́ tí kò ní dúró dè ọ́ nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. Láti ọdún 1973 tí ìjọba ti dá NYSC sílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọmọ kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, nítorí náà má ṣe fi ọkàn sí i pé Ìbàdàn ni o máa wà. Ìpínlẹ̀ Tàràbà ni wọ́n gbé èmi lọ. Owó ọkọ̀ nìkan ti jẹ nínú owó mi kí n tó rí ẹnu ọ̀nà àgọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa lò níbẹ̀. Wọn yóò fún ọ ní kákí, bàtà àwọ̀sọ́gbó, ṣòkòtò péńpé funfun àti ẹ̀wù funfun, ṣùgbọ́n wọn kì í wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó pín in. Bàtà tí wọ́n fún mi lè gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà; mo pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí tirẹ̀ ń fún un ní ẹsẹ̀, inú àwa méjèèjì sì dùn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi máa ń fọn fèrè, o sì gbọ́dọ̀ jáde nínú aṣọ funfun tó mọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà ra ẹ̀wù àti ṣòkòtò funfun méjì méjì sí i, àti bàtà kanfáàsì funfun, kí o rà á ní Ìbàdàn, nítorí pé ní ọjà inú àgọ́ tí a ń pè ní mámì, bí wọ́n ṣe rí ojú rẹ ni wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà.

Lẹ́yìn àgọ́ ni owó gidi bẹ̀rẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún àgùnbánirọ̀ jẹ́ ₦77,000 lóṣù, kò sì burú bí a bá fi wé ₦33,000 tí àwọn tó ṣáájú mi ń gbà. Àmọ́ ilé-ìwé tí wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ kò ní ibùgbé fún mi, onílé tí mo sì rí sọ pé òun kò gba owó oṣù kọ̀ọ̀kan, ọdún kan ni òun ń gbà. Bí kò bá jẹ́ pé ₦130,000 ṣì wà lọ́wọ́ mi tí n kò fọwọ́ kàn, inú kíláàsì ni ǹ bá máa sùn. Nítorí náà, ya ₦150,000 sọ́tọ̀ ó kéré tán, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ ìránṣọ, jọ̀wọ́, dúró ná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lè bá ọ dé ibikíbi nínú báàgì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ oníná pẹ̀lú tábìlì rẹ̀ kò lè bá ọ wọ ọkọ̀ lọ sí Tàràbà.

Aránṣọ Ṣágámù

Ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún ọmọ wa. Láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá, aṣọ mélòó ni o rán tí ẹni tó ni ín sanwó rẹ̀ fún ọ? Bí ó bá jẹ́ pé kò sí, ìrántí ọdún 2022 ni o fẹ́ rà ní ₦220,000.

Mo fẹ́ fi kún un pé àwa oníṣẹ́ ọwọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn tó kàwé lọ. Bí ọmọṣẹ́ mi bá fẹ́ gba fíríìdọ̀mù, a kì í dúró di ọjọ́ ayẹyẹ kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ fi owó rà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti máa ń bi í pé kí ni ó kù: orí ẹ̀rọ ni, àbí mọ́tò rẹ̀, àbí tábìlì ìgéṣọ? Lọ́jọ́ náà, kí a tó gbé àwo sílẹ̀, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọ yìí ti ní orí ẹ̀rọ, mọ́tò ló kù, kí a ràn án lọ́wọ́. Bí owó náà bá ṣe ń bọ́ sínú àwo ni gbogbo ojú ń rí ibi tó ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ti rà á. Ẹ̀yin tí ẹ jáde yunifásítì ni ẹ máa ń gba owó kí ẹ tó máa wá ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, òun ló fi jẹ́ pé gbogbo ẹbí ló máa ń bá yín wá a.

Ará Ọ̀tígbà

Ibi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n ó sì sọ èyí tó kàn mí. Fún iṣẹ́ Statistics, má ra èyí tí ìrántí RAM rẹ̀ kò tó 8GB. Bí o bá rí 16GB ní iye tí agbára rẹ gbé, ó sàn jù. Jẹ́ kí ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí nínú rẹ̀ jẹ́ SSD, irú tó yára. Tokunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ fún iṣẹ́ rẹ, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ nítorí pé èmi ni wọ́n ń kó èyí tó bàjẹ́ wá fún.

Kí o tó sanwó, ṣí i fúnra rẹ, má jẹ́ kí ontà bá ọ ṣí i. Bí ó bá jẹ́ Windows, tẹ àṣẹ powercfg /batteryreport sínú rẹ̀, yóò fi agbára tí bátìrì náà ní nígbà tó jẹ́ tuntun àti èyí tó kù sí i hàn ọ́. Bí èyí tó kù kò bá tó ìlàjì, bátìrì tuntun ni o máa rà, nítorí náà já owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Pa á, kí o tún un tàn, kí o rí i pé kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, torí pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ti iléeṣẹ́ òkè òkun tí wọ́n ti tì pa. Ṣí ìdérí rẹ̀ dé ìlàjì, kí o fi sílẹ̀, kí o wò ó bóyá yóò dúró tàbí yóò ṣubú. Kí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà wà lórí rìsíìtì tí wọ́n fún ọ. Owó wo ni o ní lọ́kàn?

Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Ti Là

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ètò ogójì ọjọ́ yẹn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì dá sí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹ rò pé ọmọ náà ti mọ̀. Èmi náà mọ̀, mo sì kó owó mi sí i. Ọdún tí mo jáde ilé-ìwé ni ọ̀rẹ́ kan mú mi wọ ètò kan tí n kò ní dárúkọ. Mo kọ́kọ́ fi ₦20,000 dán an wò, ó sì padà wá pẹ̀lú àfikún ní ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an. Ẹ kò lè mọ bí ìró ìkìlọ̀ báǹkì náà ṣe dùn tó létí mi. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Mo kó ₦180,000 tí ẹbí ná fún mi sí i, mo sì tún lọ sọ fún àbúrò màmá mi, òun náà kó owó tó fẹ́ fi kún ọjà rẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n san án, ojú òpó náà kò ṣí mọ́. Àbúrò màmá mi kò bú mi rí títí di òní, bí ó bá sì rí mi, yóò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ó yẹ kí n ti kẹ́kọ̀ọ́ lára MMM, ètò ìsọdowó-di-púpọ̀ tó ti àkáǹtì àwọn ènìyàn pa ní oṣù December ọdún 2016 nígbà tí ọdún Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti wá dárúkọ irú ètò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀daràn tó lè mú ẹwọ̀n ọdún mẹ́wàá dání, ṣùgbọ́n ẹwọ̀n ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò dá owó padà sí ọwọ́ ẹni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni, o kò lè sọ fún un pé olè ni. Sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun gan-an sà, màmá mi ní kí n má fọwọ́ kan owó náà títí n ó fi ti àgọ́ dé.” Jẹ́ kí màmá rẹ mọ̀ pé o ti fi òun ṣe àwáwí, kí ọ̀rọ̀ yín lè bá ara mu bí wọ́n bá pè é.

Olùkọ́ Girama

Ní ti àbúrò rẹ ọkùnrin, má ṣe sáré san owó ilé-ìwé rẹ̀. Láti ọdún 2024 ni àjọ NELFUND ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó tí kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààràtà, wọ́n sì tún ń fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀ bí ó bá béèrè fún un. Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí san án padà títí di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán. Kí ó kọ́kọ́ yanjú nọ́ńbà JAMB rẹ̀, BVN àti NIN, kí orúkọ rẹ̀ rí bákan náà lórí gbogbo wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ mi ti há. Kí ìwọ fún un ní owó ọkọ̀ àti owó káàfé.

Alájọ Mọ́níyà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lójoojúmọ́ kí n sì dá a padà fún wọn ní ìparí oṣù, nítorí náà mo ti rí bí owó ṣe ń sá lọ. Owó tí káàdì rẹ lè kàn ti di owó ìnáwó, bí o tilẹ̀ pè é ní owó ìpamọ́. Ṣí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì, kí o kó owó àgọ́ sí i. Má bẹ̀rù pé báǹkì lè wó: láti ọdún 2024, àjọ NDIC ti gbé iye tó ń dáàbò bò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè sí ₦5,000,000 ní báǹkì ńláńlá àti ₦2,000,000 ní báǹkì kéékèèké, owó tìrẹ kò sì tó ìyẹn.

Bí ohunkóhun bá ṣẹ́kù tí o mọ̀ pé o kò ní nílò rẹ̀ nínú ọdún ìsìnrú ìlú, ra ìwé gbèsè ìjọba tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond, ìyẹn ni pé o yá ìjọba lówó. Ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ₦5,000 ni ó kéré jù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó máa ń jẹ́, èlé rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì ẹni ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léèrè pé èélòó ni èlé rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ṣòro láti yọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Má ṣe bá àwọn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nínú àgọ́ dá àjọ o. Ẹni tó gba tirẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́ lè yí ibi ìsìnrú padà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní oṣù kejì.

Bàbá Atẹ̀wé

Mo kí gbogbo ilé. Fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gba èlé láyè bíi tèmi, ìjọba àpapọ̀ tún ń ta ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé tí wọ́n ń pè ní Sukuk láti ọdún 2017, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà, ₦10,000 sì ni ó kéré jù tí ẹnì kan lè fi wọlé. Owó ìyálò lórí ohun tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ń san fún ẹni tó rà á. Ọdún rẹ̀ máa ń gùn ju ti èyí tí alájọ sọ lọ, nítorí náà kí ọmọdé má kó gbogbo owó rẹ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: ọmọ mi, ṣé o ti pe àwọn tó ná owó fún ọ? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, ó yẹ kí n ní kí o wá tẹ káàdì ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ìnákúnàá ni. Fi ohùn ara rẹ pè wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n ní Manchester

Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìwé ìrìnnà, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan yóò dárúkọ rẹ̀. Bí o kò bá tíì ní ilé-ìwé kan pàtó ní òkè òkun tí o fẹ́ kọ̀wé sí, fi í sílẹ̀. Láti oṣù September ọdún 2025, èyí tó jẹ́ ọdún márùn-ún ti di ₦100,000. Ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti máa lọ bí o ti ń ṣe ìsìnrú ìlú. Èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, náà kì í kọjá ọdún méjì. Mo ṣe méjèèjì kánkán nígbà tí mo jáde, mo sì tún san owó IELTS lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Eléèlùbọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí n kò wọlé síbí, nítorí pé mo ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ fún mi.

Mo pe gbogbo àwọn tí mo ní nọ́ńbà wọn, ènìyàn mọ́kànlélógójì. Bàbá Atẹ̀wé, ìṣẹ́jú méjì kọ́ o. Ìyá àgbà kan ní Mọ́kọ́lá gbàdúrà fún mi fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo béèrè ìwé náà lọ́wọ́ màmá mi. Ó kọ́kọ́ bi mí ta ló sọ fún mi pé òun ní ìwé. Ó wá lọ mú un jáde láti abẹ́ àpò èlùbọ́ tó wà nínú yàrá, etí rẹ̀ funfun fún lẹ́búlẹ́bú. Ó jókòó sílẹ̀, ó mú bírò pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ìlà kan fún àwọn tí òun yóò ná fún padà, àmì kékeré kan fún àwọn tó jẹ́ pé tèmi ni wọ́n bá wá. Kò wo ojú ewé mìíràn rárá kí ó tó mọ àwọn tí òun ti ná owó fún rí. Nígbà tó parí, àpòòwé tó jẹ́ tiwọn jẹ́ ₦146,500, tèmi sì jẹ́ ₦82,000. Mo wá bi í léèrè ìnáwó náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà ló yá òun ní ₦280,000, oṣù mẹ́wàá ni òun yóò sì fi san án. Mo kó ₦146,500 fún un. Ó ka ₦100,000 nínú rẹ̀, ó dá ìyókù padà, ó ní ebi àgọ́ kì í ṣe ebi ilé. N kò bá a jiyàn. Ọ̀dọ́ Agége, mo mọ̀ pé o kò ní fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n bí o bá rí ìwé náà, o lè yí ohùn rẹ padà díẹ̀.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi wá jẹ́ ₦513,500. Mo ti kó ₦160,000 sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, fún àgọ́ àti fún ilé tí n ó gbà lẹ́yìn àgọ́. Mo ya ₦270,000 sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà, n kò sì ní kọjá rẹ̀. Mo ti ṣe ojú fóònù mi ní ₦18,500, mo fi ₦10,000 dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fún àbúrò mi ní ₦15,000. Orúkọ rẹ̀ lórí NIN yàtọ̀ sí ti JAMB pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe sọ, ó sì ti lọ ń tún un ṣe. Èyí tó kù jẹ́ ₦40,000, n ó sì fi ra ìwé gbèsè ìjọba nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó dùn mí jù. Mo dáhùn ìbéèrè ìyá wa ti Ṣágámù nínú ọkàn mi: aṣọ méjì péré, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti màmá mi. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe màmá mi lóòótọ́. Màmá mi ní ₦400,000 kọ́ ló wà nílẹ̀ mọ́, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè kúkú fi ₦20,000 kún owó àgọ́ mi. Wọn kò tíì tún pè.

Ará Ọ̀tígbà

₦270,000 yóò gbé ohun tó dára. Bí o bá fẹ́ rà á ní Ìbàdàn, kò burú, ọ̀nà kan náà ni o máa gbà dán an wò. Má ṣe lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò bá sí. Kò sí bí o ṣe lè mọ bóyá ṣájà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí iná. Kí o sì mú ẹnì kan dání.

Ọmọ Eléèlùbọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń lọ, ní òwúrọ̀. Màmá mi ní òun yóò bá mi lọ, nítorí pé òun kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun mọ ojú ontàjà tó ń purọ́.